Àwọn Màmá Àsàlátù Jókòó Níwájú

Iṣẹ́ mi ni pé kí n máa sọ ohun burúkú nípa ara mi, kí àwọn èèyàn sì máa rẹ́rìn-ín. Mi ò mọ bí mo ṣe tún lè ṣàlàyé ẹ̀. Ní Lomé níbí, àwọn tó ń sọ Faransé ń pè mí ní aláwàdà, ìyá mi sì ń pè mí ní ọmọ tí kò tíì ríṣẹ́. Màá dá dúró lórí pèpéle, èmi àti gbohùngbohùn nìkan, màá máa fi Faransé àti Mina, èdè ìlú yìí, ròyìn bí mo ṣe tòṣì tó, bí mo ṣe burẹ́wà tó, àti bí àwọn obìnrin ṣe ń sá fún mi. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo tún ní pọ́dkáàsì kan tí mo ń fi Yorùbá ṣe, tí àwọn èèyàn wa ní ìlú yìí ń gbọ́ lórí fóònù wọn.

Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù aṣọ ìyá mi ní Hanoukopé ni mo ti ń gba ohùn pọ́dkáàsì náà sílẹ̀. Àárín àwọn ìdì aṣọ ni mo máa ń há ara mi mọ́, nítorí aṣọ máa ń gbé ariwo ọ̀kadà mì, ohùn á sì dùn bíi ti rédíò. Ìyọnu ibẹ̀ kan ṣoṣo ni oníbàárà. Ẹ̀ẹ̀kan wà tí mo ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́, tí ẹnu mi ń yọ̀ bí epo, ni ìyá mi bá na ọwọ́ wọlé, ó fa ìdì kan yọ lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi, ó ní, "Má dá mi lóhùn, máa bá wèrè ẹ lọ." Mi ò gé e kúrò. Ohun tí àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn jù lọ́dún yẹn nìyẹn, ó sì dùn mí díẹ̀.

Lomé ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ọ̀fà ni bàbá rẹ̀ ti wá ṣòwò. Lójú tirẹ̀, ohun tí a lè fọwọ́ kàn, tí a lè ká, tí a lè gbé sórí àtẹ, òun ló ń jẹ́ iṣẹ́. Ó ti bi mí rí pé, "Ẹ̀rín yìí, báwo lo ṣe máa ń ká a?" Ọ̀rọ̀ tó dára ni. Mo jí i, mo lò ó lórí pèpéle.

Ìgbà tó wá gba ṣọ́ọ̀bù kejì sí Agbalépédogan, tó ti kan gbogbo pákó àtẹ rẹ̀ pátápátá, ó ní èmi ni màá jókòó síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Kì í ṣe pé mi ò mọ aṣọ tà, láti kékeré ni mo ti ń tà á. Ṣùgbọ́n tí mo bá rò ó pé ibẹ̀ ni màá ti hu ewú, àyà mi á já. Mo bẹ̀ ẹ́ títí, ó sì fún mi ní àǹfààní kan. Ó ní òun á wá wo ohun tí mò ń ṣe yìí lẹ́ẹ̀kan. Tí òun bá rí i pé iṣẹ́ ni, òun á fi mí sílẹ̀. Tó bá jẹ́ ìtìjú, kí n lọ ṣí ilẹ̀kùn Agbalépédogan lọ́jọ́ Ajé.

Àṣìṣe mi ni pé mo rò pé òun nìkan ló ń bọ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìrun alásárì, àgbàlá ilé oúnjẹ kan ní Tokoin Wuiti ni eré wà. Àwọn ọ̀dọ́ Lomé kì í jókòó níwájú, ẹ̀rù máa ń bà wọ́n kí aláwàdà má fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo ṣe gun pèpéle, ìlà iwájú funfun báláú. Ìyá mi ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn màmá mẹ́sàn-án tí wọ́n jọ ń ṣe ẹgbẹ́ àsàlátù, gbogbo wọn nínú ìbòrí funfun, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Mo ti ní in lọ́kàn láti rìn jáde bí ọ̀gá, kí n kígbe "Bonsoir Lomé!" Ta ló tó bẹ́ẹ̀? Mo ṣí fìlà, mo yọ dígí ojú mi, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Àwọn èèyàn tó wà lẹ́yìn bú sẹ́rìn-ín. Èmi ò tíì sọ nǹkan kan.

Mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí kì í já mi kulẹ̀. Mo ní mo tòṣì débi pé eku inú yàrá mi ti kó lọ sílé aládùúgbò, ó ní òun á máa yà kí mi.

"O ò ní tòṣì!" ni ìlà iwájú dáhùn, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n fi ọwọ́ yí orí wọn ká, wọ́n sì ta ìka dànù.

Màmá kan yíjú sí ìyá mi, ó ní, "Alájà, ṣé eku wà nílé yín ni?"

"Eku ibo?" Ìyá mi ti dìde dúró. "Ológbò méjì ló wà nílé mi!"

Láti ẹ̀yìn ni ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀. Mo sáré bọ́ sínú ọ̀rọ̀ kejì. Mo ní ìyàwó mi ti bá ọlọ́kadà sá lọ, ó sì ní kí n sanwó ọ̀kadà náà.

"Kò ní sá lọ, lágbára Ọlọ́run!"

"Ìyàwó wo?" ni ìyá mi pariwo. "Ìgbà wo lo gbéyàwó tí mi ò gbọ́?"

Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n ta ni kò mọ ohùn ìyá tó ń bínú? Wọ́n rò pé a jọ ṣètò rẹ̀ ni. Èmi ń wo Agbalépédogan lójú mi kedere. Mo ní dókítà sọ fún mi pé ọpọlọ mi ti gbẹ.

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́!"

Lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo àgbàlá ló ta ìka. Àwọn ọmọ Mina, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kódà ọkùnrin tó ń gbé ohun mímu kiri gbé àwo rẹ̀ kalẹ̀, ó yí ọwọ́ ká orí. Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ara mi balẹ̀ wàyí, mo wá ń kó ìṣòro lé ara wọn: ẹsẹ̀ mi kán, ilé wó, eyín mi bọ́ sínú ọbẹ̀ àna. Bí mo bá ti sọ ọ́, wọ́n á dá a padà. Nígbà tó yá, màmá tó dàgbà jù nínú wọn gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, "Ọmọ yìí, ní sùúrù, jẹ́ ká mí." Gbogbo àgbàlá bú sí àtẹ́wọ́, mi ò rí irú ẹ̀ rí nínú ayé mi.

Mo sáré bá ìyá mi létí títì, níbi tí òun àti àwọn màmá yòókù ti ń dúró de takisí. Inú mi dùn débi pé mi ò rí ojú rẹ̀ dáadáa.

Mo ní, "Màmá, ẹ ti rí i pé iṣẹ́ ni?"

Kò rẹ́rìn-ín. "Ọdún mélòó lo ti ń ṣe é?"

"Ọdún kẹfà rèé."

"Gbogbo ìgbà lo máa ń sọ bẹ́ẹ̀? Pé o tòṣì, pé obìnrin sá, pé ọpọlọ ẹ gbẹ?"

"Eré ni, màmá."

"Mo mọ̀ pé eré ni, mi ò gọ̀. Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ." Ó di ọwọ́ mi mú. "Odindi ọdún mẹ́fà. Àwa ò sí níbẹ̀. Ta ló ń bá ẹ dá a padà?"

Gbogbo ìgbà tó ń bá mi jà lórí iṣẹ́ yìí, mo ti gbà pé ojú mi ló ń tì í. Èmi lojú wá tì.

Takisí dé, wọ́n ń fún ara wọn wọlé. Ìyá mi na orí jáde lójú fèrèsé, ó ní òun á wá ẹlòmíì sí Agbalépédogan. Ó ní kí n kọ gbogbo ọjọ́ tí mo ní eré sílẹ̀ fún òun kí n tó sùn, ti pọ́dkáàsì náà pẹ̀lú, kí àwọn lè pín in láàárín ara wọn, kó má sí ọjọ́ kan tí ẹnì kankan ò ní sí níbẹ̀.