Ìbọ̀wọ́ Tí Mo Fi Omi Fọ̀

Kí n má parọ́, ìrẹsì ló fà mí dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo gbé ọmọ mi lọ sí páàkì ní Peckham lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, kó lè sáré rẹ̀ tán níbẹ̀, kó má baà fi fúláàtì wa ṣe pápá. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi kóńdó gbá bọ́ọ̀lù kékeré, àwọn ìyá sì ń bu ìrẹsì sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n bu fún èmi náà. Bí mo ṣe di ará ẹgbẹ́ besibọ́ọ̀lù nìyẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ni àwọn tó ń gbá a. Tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti gba ìsinmi ìgbà ooru ni wọ́n máa ń kóra jọ, àwa ará àdúgbò la sì ń gbé ẹgbẹ́ náà ró. Ọ́ńkù kan tó ń wa bọ́ọ̀sì ní Camberwell ni kóòṣì. Òun náà ló ń fi ẹfun fa ìlà sórí koríko. Àwọn tí ilé wọn jìnnà, ilé wa ni wọ́n ń gbé. Ọ̀kan dé sọ́dọ̀ mi, sínú yàrá kékeré tí mo ń kó ẹrù sí tẹ́lẹ̀: ọmọbìnrin Yorùbá tí wọ́n bí sí Manchester. Ọdún mẹ́fà péré ni mo fi jù ú lọ, síbẹ̀ Àǹtí ló ń pè mí.

Gbogbo ooru yẹn, orí bẹ́ǹṣì ló ń jókòó sí, wọn kì í mú un wọ pápá. Kò ráhùn. Àfi lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan tó sáré wọlé: "Àǹtí, Ọ́ńkù ti fi orúkọ mi sí i! Ìdíje tó kẹ́yìn, Sọ́ńdè yìí, inú pápá ni mo máa wà!" Mo gbá a mọ́ra. Ọmọ mi náà dì mọ́ wa lẹ́sẹ̀, kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá mi kọ́ mi pé àlejò kì í bẹ̀bẹ̀ kí a tó bá a fọ aṣọ. Lọ́jọ́ Fúráìdè, nígbà tó lọ síbi iṣẹ́ ní Brockley, mo kó aṣọ eré rẹ̀ sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ. Mo rí ìbọ̀wọ́ aláwọ ńlá tó fi ń gba bọ́ọ̀lù. Ó dọ̀tí, ó ń rùn. Mo ní, kò ní ti ilé mi gbé irú èyí jáde lọ́jọ́ ayọ̀ rẹ̀. Mo jù ú mọ́ ọn. Omi gbígbóná, ọṣẹ, gbogbo rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo sá a sí bákónì, nínú oòrùn.

Nígbà tó fi máa dé, ìbọ̀wọ́ ti le bíi pọ̀nmọ́ gbígbẹ.

"Àǹtí, kí ló ṣe é?"

"Mo fọ̀ ọ́ ni."

"Ẹ fọ̀ ọ́? Pẹ̀lú omi?"

"Ṣé iyanrìn ni ìwọ fi ń fọ nǹkan tìẹ ni?"

Mo fẹ́ fi ṣe àwàdà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kún fómi. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kò ṣeé pa dé. Ọdún méjì ni ìbọ̀wọ́ yẹn fi mọ ọwọ́ rẹ̀. "Kò sí wàhálà, Àǹtí," ló wí. Ó wọ yàrá, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ká ní ó pariwo mọ́ mi ni, ara ì bá tù mí.

Mo jókòó sí kíṣìnì. Ike òrí tí mo fi ń pa ọmọ mi lára wà lórí tábìlì. Nígbà tí mo bímọ, ìyá mi ló ń wá láràárọ̀ láti fi òrí wọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ, wọ́n á ká a, wọ́n á nà án, ọmọ á figbe ta, wọ́n á ní, "Ké dáadáa, oríkèé rẹ ló ń dẹ̀." Mo yọ́ òrí díẹ̀ láàárín àtẹ́lẹwọ́ mi, mo fa ìbọ̀wọ́ tó fi sílẹ̀ mọ́ra, mo bẹ̀rẹ̀. Ìka kan, ìka kejì. Mo ká a, mo nà án.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Ó dúró, ó ń wò mí.

"Àǹtí, ẹ má jẹ́ kó pọ̀ jù, á wúwo."

Ló bá jókòó tì mí, ó mú apá kan. Nígbà tó rọ̀ díẹ̀, ó ní ká ki bọ́ọ̀lù sínú rẹ̀, ká dì í gírígírí kó lè rántí ọwọ́ òun. A wá okùn tì. Mo fa ọ̀já ọmọ mi yọ, a sì fi dì í bí ìkókó. Ọmọ mi wo ọ̀já, ó wo ìbọ̀wọ́, ó fajú ro. Ìyẹn ló pa wá lẹ́rìn-ín.

Ní Sọ́ńdè, Ọ́ńkù ń fín imú kiri. "Ta ló ń rùn bí ọmọ tuntun níbí?"

"Ẹ bi Àǹtí."

Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. "Awọ lo fọ̀?" ni Ọ́ńkù wí. "Ọpẹ́lọpẹ́ pé o ò fi sítáàṣì sí i!"

Bọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ tó bá a wọnú ìbọ̀wọ́, ó sì fò jáde. Kò wo ọ̀dọ̀ mi. Mo mọ̀ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ gbójú kúrò ni. Nígbà tó yá, wọ́n gbá òmíràn sókè fíofío. Ó ń fẹ̀yìn rìn, ó ń fẹ̀yìn rìn, ó na ìbọ̀wọ́, ó sì fi ọwọ́ kejì bò ó. Bọ́ọ̀lù dúró síbẹ̀. Ìgbà yẹn ló wò mí.

Wọ́n ṣáà nà wá lọ́jọ́ náà. Ní òwúrọ̀ tó máa lọ, ó gbé ìbọ̀wọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì mi, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù àti ọ̀já. Kò sẹ́ni tó ń gbá besibọ́ọ̀lù nílé-ẹ̀kọ́ tirẹ̀.

"Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ di ooru tó ń bọ̀. Ẹ máa fi òrí wọ́ ọ. Ṣùgbọ́n Àǹtí, ẹ̀rọ ìfọṣọ..."

"Máa lọ jàre, ọkọ̀ rẹ á lọ."

Ọmọ mi ò gbà kí n pọn òun mọ́ báyìí. Ọ̀já náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ lára ìbọ̀wọ́.