Ìwé Tí Mo Kà fún Ìyá Olóbì

"Bá mi kà á, tíṣà mi."

Ìka méjì péré ni Ìyá olóbì fi na ìwé náà sí mi, kí omi má baà kán sí i. Abọ́ ńlá tó kún fún gbàǹja wà láàárín ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ń bó èèpo funfun tó ti rà kúrò lára obì. Òórùn kíkan èèpo yẹn ló máa ń gba gbogbo àgbàlá wa ní Sábó, ní Ṣàgámù, lásìkò ọyẹ́. Bí obì kan bá ti mọ́, wọ́n á jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí: pó, pó. Ikọ́ á wá dé, ọwọ́ wọn á sì dúró.

Aládùúgbò wa ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ wọn ni èmi ọmọdébìnrin ọlọ́dún mẹ́wàá máa ń wà lẹ́yìn iléèwé títí màmá mi á fi ti ọjà dé. Wọn ò mọ̀wé. Ilé ìwòsàn tó ṣàyẹ̀wò kẹ̀lẹ̀bẹ̀ wọn ló fún wọn ní ìwé náà, pé kí wọ́n mú un padà wá fún dókítà lọ́jọ́ Ajé.

Ọ̀rọ̀ gígùn tí n kò lè pè pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí ọ̀kan tí mo mọ̀: "positive". Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni tíṣà wa kọ ọ́ sójú pátákó, pé ọ̀rọ̀ tó ń júwe nǹkan ni, pé èrò rere ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, "negative" sì ni òdìkejì rẹ̀.

"Ìyá, wọ́n ní ó dáa."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

Kò dá mi lójú. Ṣùgbọ́n wọ́n ń wò mí bí ẹni pé èmi gan-an ni dókítà, ó sì dùn mọ́ mi.

"Ó dá mi lójú, mà."

Wọ́n kúnlẹ̀ sórí símẹ́ńtì, wọ́n dúpẹ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n se ìkọ́kọrẹ́, wọ́n sì fi ẹja tó tóbi jù sínú abọ́ tèmi. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Òde Rẹ́mọ ni wọ́n gbà lọ, wọ́n lọ ra obì.

Òjò bẹ̀rẹ̀, ikọ́ ò lọ. Ìró tó máa ń yí wọn po lẹ́ẹ̀mejì wá ń yí wọn po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Obì tí wọ́n máa ń bó tán kí n tó parí iṣẹ́ àmúrelé wá ń wà nínú abọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Màmá mi ní kí wọ́n padà sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ní àwọn ti lọ, pé kò sí nǹkan. Mo gbọ́, mo tẹjú mọ́ iṣẹ́ àmúrelé mi.

Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ bá ikọ́ jáde. Ọmọ wọn obìnrin sáré ti Èkó dé. Ibi tó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló ti rí ìwé náà lábẹ́ ìrọ̀rí.

"Ìyá mi! Ikọ́ ife ni! Láti ìgbà ọyẹ́! Ta ló kà á fún yín tó ní kò sí nǹkan?"

Ẹnu ọ̀nà ni mo wà. Ìyá gbójú sókè, wọ́n rí mi, wọ́n sì yíjú kúrò.

"Kò sẹ́ni tó kà á fún mi. Èmi ni mo fi pamọ́ tí mo gbàgbé."

Ilé ìwòsàn yẹ gbogbo ará àgbàlá wò, bóyá ikọ́ náà ti ràn wá. Nígbà tí ìwé tèmi dé, "negative" ni mo rí níbẹ̀, mo bú sẹ́kún. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín.

"Ohun tá a fẹ́ nìyẹn. Níbí, 'positive' ni pé a rí àìsàn tí à ń wá."

Ẹkún mi tún le sí i. Kò mọ ìdí rẹ̀.

Oògùn gba Ìyá lọ́wọ́ ikú nígbà yẹn, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró wọn ti bàjẹ́. Wọn ò lè gbé apẹ̀rẹ̀ mọ́. Ọmọ wọn ní kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun l'Ékòó. Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, wọ́n na ọwọ́ jáde láti fèrèsé mọ́tò, wọ́n gbé e lé mi lórí.

"Kàwé o, tíṣà mi."

Ẹ̀bẹ̀ kún ẹnu mi. "Ó dàbọ̀, mà" ni mo rí sọ. Lọ́dún kejì la gbọ́ pé wọ́n ti kú.

Títí dòní, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí n kò mọ̀, ì báà jẹ́ ọmọdé, mo máa ń sọ pé n kò mọ̀. Àwọn èèyàn ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Kì í ṣe ìrẹ̀lẹ̀. Ìyá arúgbó kan ló purọ́ nítorí mi lójú ọmọ tó bí, èmi ò sì rí ẹnu sọ òótọ́ kan ṣoṣo fún wọn títí ilẹ̀ fi bò wọ́n.