Ọkọ̀ Bọ̀dá Mi Fláàṣì Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi lónìí, nítorí ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ láyà mi, mi ò sì lè dá a gbé mọ́. Ẹ mọ̀ mí sí Bísí tó ń tún fóònù ṣe ní Tunga, ní Minna níbí, tó máa ń fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ tí fóònù yín bá jábọ́ sómi. Ọ̀rọ̀ omi náà ni mo fẹ́ sọ, àmọ́ kò sí ẹ̀rín níbẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo ni Bọ̀dá Gbádé. Iṣẹ́ rélùwéè ló gbé bàbá wa kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́ wá sí Minna, ibí ni wọ́n sì bí àwa méjèèjì sí. Nígbà tí bọ̀dá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba ní Maikunkele, gbogbo wa rò pé wọ́n máa jókòó sílé. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n lọ rà! Ọkọ̀ pákó tó ní ẹ́ńjìnì lẹ́yìn, tí wọ́n fi ń kó iṣu àti èrò kọjá omi ńlá tó wà lọ́nà Shiroro. Mo bi wọ́n pé ta ló wa ọkọ̀ ojú omi rí nínú ẹbí wa. Wọ́n ní bàbá wa náà kò rí ọkọ̀ ojú irin rí kí wọ́n tó gbà wọ́n sí rélùwéè.

Wàhálà ọkọ̀ pákó ni pé omi kì í yé wọnú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni òjò rọ̀ kún un níbi tí wọ́n so ó mọ́, tó sì rì. Bọ̀dá wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní ṣé mi ò lè ṣe nǹkan tí àwọn á fi máa mọ bí ọkọ̀ ṣe wà láti ilé. Mo ní màá gbìyànjú.

Mo wá fóònù tọ́ọ̀ṣì àtijọ́ kan. Mo mú bọ́ọ̀lù tó máa ń léfòó nínú tánkì tọ́ílẹ́ẹ̀tì, mo so wáyà mọ́ ọn, mo fi òjé jó wáyà náà mọ́ nọ́ńbà 2 lára fóònù, mo sì fi nọ́ńbà tèmi sórí 2 yẹn. Tí omi bá ti gbé bọ́ọ̀lù sókè, fóònù á pè mí. Tí omi bá sì ń mì í, á máa pè mí léraléra. Mo kó fóònù sínú kúlà oníke, mo fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níta kó lè wà nísàlẹ̀ ọkọ̀, mo lẹ sólà kékeré mọ́ orí kúlà náà. Ẹ̀yìnkùlé wa ní Fadikpe la ti dán an wò nínú báàfù. Nígbà tí fóònù mi dún, bọ̀dá mi pàtẹ́wọ́ bí ọmọdé.

Àdéhùn wa ni pé mi ò gbọdọ̀ gbé e, kí káàdì inú rẹ̀ má baà tán. Fláàṣì lásán ni. Tí ọkọ̀ bá ti fláàṣì mi, kí n pe Baba Ndagi, àgbà awakọ̀ tó ń gbé létí omi, kí wọ́n lọ wò ó.

Ó sì ṣiṣẹ́ o! Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò rọ̀, ọkọ̀ fláàṣì, mo pe Baba Ndagi, wọ́n bá a tí omi ti dé ìdajì rẹ̀, wọ́n gbọ́n ọn dànù. Ní Sunday tó tẹ̀ lé e, bọ̀dá mi dìde ní ṣọ́ọ̀ṣì láti dúpẹ́, wọ́n ní àbúrò àwọn ti gba ọkọ̀ àwọn là. Ẹ ò rí mi bí mo ṣe ń yan kiri!

Ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ rèé. Fóònù bọ̀dá mi gan-an kì í ní iná. Tí wọ́n bá ti gúnlẹ̀ lódìkejì, tí wọ́n bá fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, wọ́n á ṣí kúlà, wọ́n á tẹ 2. Èmi á pè padà, wọ́n á ní ọkọ̀ ló ń kí mi. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣàròyé, pé báwo ni màá ṣe mọ èyí tó jẹ́ omi. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ṣé ọkọ̀ nìkan ló ní àbúrò ni. Mi ò sọ ọ́ mọ́. Kí nìdí? Nítorí inú mi ń dùn sí i. Láti ìgbà tí màmá wa ti kú, kò sẹ́ni tó tún ń wá mi lójoojúmọ́ bẹ́ẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ ọjà kan, lẹ́yìn agogo méjì ọ̀sán. Obìnrin kan jókòó níwájú mi, mò ń pààrọ̀ ojú fóònù rẹ̀, ó ń yára. Ọkọ̀ fláàṣì. Mo ní nínú ọkàn mi pé bọ̀dá ti gúnlẹ̀ nìyẹn, wọ́n á dúró. Ó tún fláàṣì. Mo rẹ́rìn-ín, mo dojú fóònù délẹ̀. Ó tún dún, ó tún dún, lẹ́yìn náà ó dákẹ́.

Nígbà tí obìnrin náà lọ, mo yí fóònù padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin! Bọ̀dá mi kì í tẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mo pè padà, kò lọ mọ́. Mo pe Baba Ndagi kíá. Wọ́n ní ìjì ti ń jà lójú omi, àwọn ń lọ báyìí.

Wọ́n bá obìnrin méjì àti àgbẹ̀ kan tí wọ́n di jẹ́ríkáànù mú. Wọn ò bá bọ̀dá mi. Ọjọ́ kejì la tó rí òkú wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wá kí wa ní Fadikpe. Ó kúnlẹ̀, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní nígbà tí omi bẹ̀rẹ̀ sí wọlé, tí àwọn ń ké, bọ̀dá mi nawọ́ sí kúlà yẹn, wọ́n sì sọ fún àwọn lédè Hausa pé: "Kada ku ji tsoro. Ƙanwata ta sani."

Ẹ má bẹ̀rù. Àbúrò mi ti mọ̀.

Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi ni. Ó rò pé èmi ni mo tètè pe Baba Ndagi. Mo fà á dìde, mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Baba Ndagi kò bi mí rí pé ìgbà wo ni mo rí fláàṣì náà. Sai haƙuri, àfi sùúrù, ni wọ́n máa ń sọ ṣáá. Èmi ni mo mọ̀ pé ó tó ogún ìṣẹ́jú kí n tó pè wọ́n. Ká ní mo tètè pè ni, bóyá wọn ì bá bá bọ̀dá mi láàyè, bóyá wọn ò ní bá wọn bẹ́ẹ̀. Mi ò ní mọ̀ láéláé, ìyẹn gan-an ló ń pa mí. Kí n tó kọ èyí, mo kọ́kọ́ lọ sọ ọ́ fún ìyàwó wọn. Wọ́n dìde, wọ́n bu omi fún mi mu, wọ́n sì wọ yàrá lọ. A ò tíì sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Ẹ̀kọ́ mi kò pọ̀. Ohun tí ẹ bá ṣe fún ewu, ẹ má fi kí ara yín, bó ti wù kó dùn tó. Tí ẹ bá sì ti ń fi í kí ara yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ lónìí.

Ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí, pé ẹni yín pè, ẹ ní ẹ máa tó pè padà? Ẹ kọ ọ́ síbí, mo fẹ́ kà á. Ẹ sì lè fláàṣì mi. Àwọn oníbàárà mi ń bínú báyìí pé mo ń jẹ káàdì àwọn, nítorí kó tó dún lẹ́ẹ̀kejì ni mo ti gbé e.