Fèrèsé Tí Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ Ń Tì

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni bàbá mi fi ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Bàbá Oníkọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n. Wọ́n ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò fẹ̀yìn tì: ohun tó bá ti ṣí sílẹ̀, wọ́n á tì í ni.

Lọ́la ni dókítà máa ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, kò sì ṣèlérí pé wọ́n á tún ríran. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí: kí àwọn kọ́kọ́ rí màmá mi tó ti di olóògbé. Àwòrán inú álíbọ́ọ̀mù ti kéré jù fún ojú wọn. Mo wá kó gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé kan lórí kọ̀ǹpútà, kó lè hàn gàdàgbà. Ṣùgbọ́n ojú ewé náà kì í gbé àwòrán jáde, àfi tí sáfà kékeré kan, ìyẹn ètò tó ń gbé àwòrán wá fún un, bá ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà ọ̀hún. Inú fèrèsé dúdú kan lójú kọ̀ǹpútà ni sáfà náà ń jókòó sí; tí èèyàn bá ti tì í, sáfà kú nìyẹn.

Mo tan án. Mo ní kí n bu omi mu, kí n tó dé, ojú ewé ti ṣófo.

"Bàbá, kí lẹ tẹ̀?"

"Fèrèsé dúdú kan ló ṣí sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn, kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀. Mo ti bá ẹ tì í."

Ẹ̀ẹ̀mẹrin! Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo tan án, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bá mi tì í. Orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Bàbá ẹni kúkú ni, kí lèèyàn fẹ́ sọ?

Mo fìbínú kọ ìwé àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, èyí tó máa ń kà ní ìlà kọ̀ọ̀kan: kìíní, tan sáfà, ìkejì, ṣí ojú ewé. Ọ̀rọ̀ di egbìnrìn ọ̀tẹ̀. Sáfà jókòó pa sórí ìlà kìíní bí àlejò tí kò fẹ́ lọ mọ́, kò jẹ́ kó kan ìkejì. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí pé ẹ̀yìn ló yẹ kí n ní kó lọ jókòó sí, láìsí fèrèsé kankan tí ẹnikẹ́ni máa rí tì.

Mo tún un kọ, mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan. Màmá mi yọ, wọ́n kún ojú kọ̀ǹpútà, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, ìdì kọ́kọ́rọ́ bàbá mi wà lọ́wọ́ wọn.

Bàbá sún mọ́ ọn. Nígbà tó yá, mo nawọ́ láti pa kọ̀ǹpútà, ká lè lọ di ẹrù ilé ìwòsàn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Má tì í," ni bàbá mi wí.