Ìwé Firísà Tí Mo Fọwọ́ Sí

Kò sí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi tó kú ní Ìpakòdò tí n kò lè jí. Injiníà ni gbogbo wọn ń pè mí, bẹ́ẹ̀ ìwé kẹta ni mo ti kúrò nílé ìwé. Nígbà tí ìyàwó mi wá fẹ́ máa ta ẹja inú yìnyín ní Ìtámágà, èmi ni mo bá a yan firísà. Ọkọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un ní Ẹ̀pẹ́ ló tà, tó fi ra firísà àti páálí ẹja mẹ́wàá. Mo fọwọ́ gbá firísà náà lára, mo ní, "Tuntun ni. Ta ló máa rẹ́ èmi jẹ?"

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan. A lọ kí àwọn ará rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí a padà dé ṣọ́ọ̀bù, òórùn ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà. Iná wà, firísà ni kò tutù. Mo tú ẹ̀yìn rẹ̀. Ọ̀dà tuntun lórí ìpẹtà. Tòkunbọ̀ ni.

Ẹni tó tà á fún wa rẹ́rìn-ín. "Injiníà, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ yẹ̀ ẹ́ wò?"

A gbé ẹjọ́ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn oníbàárà. Obìnrin tó wà níbẹ̀ ní ẹni tó bá ta tòkunbọ̀ bíi tuntun yóò pààrọ̀ rẹ̀, ẹja tó bàjẹ́ nítorí rẹ̀, òun náà ni yóò san án. Ìyàwó mi ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ó dá ọjọ́ fún wa.

Kí ọjọ́ náà tó pé, ọkùnrin yẹn gbé firísà tuntun wá sí ṣọ́ọ̀bù, tòun ti ìwé kan.

"Baba wọn," ìyàwó mi wí, "ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa kà á ní ọ́fíìsì ná."

"Hà!" ọkùnrin náà wí. "Àbí Injiníà ò mọ̀wé ni?"

Àwọn èèyàn ti ń wò wá. Mo ní kó mú báírò wá. Sáínì mi rẹwà. Ìrù rẹ̀ máa ń yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo yí i lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Lọ́jọ́ ẹjọ́, obìnrin ọ́fíìsì náà ka ìwé ọ̀hún sókè: firísà ti tẹ́ wa lọ́rùn, a ò sì béèrè ohunkóhun mọ́ lórí ẹja. Ó wò mí. "Bàbá, ṣé ẹ mọ ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí i? Tí ẹ ò bá mọ̀, ẹ sọ, mo ṣì lè ṣe nǹkan sí i."

Ó dúró dè mí. Ìyàwó mi náà dúró dè mí.

"Mo kà á," ni mo wí.

Kò dùn mí, kò sì dùn mọ́ mi. Ara mi kàn kú bí ìgbà téèyàn sùn lé apá. A wọ ọkọ̀ wálé.

Firísà yẹn dára, kò kọ̀ rí. Owó ẹja kò sí mọ́, omi tútù ni ìyàwó mi ń tà nínú rẹ̀. Bí ìwé kan bá sì wọlé, ìbáà jẹ́ ti iná, á mú un kọjá níwájú mi, á mú un lọ fún aládùúgbò kó bá a kà á.