Àdéhùn Adjara Aláwọ Pupa

Nígbà tí àwọn ẹlẹ́ṣin Bàrìbá ṣì ń jẹ́ kí ẹ̀rù ọ̀nà oko ba àwọn ará Tchaourou, obìnrin kan wà nínú ìlú náà tí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pọ́n dé ọrùn ọwọ́, bí ọwọ́ ẹni tó ń pa ẹran lójoojúmọ́. Adjara ni orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Awọ ewúrẹ́ ló máa ń rẹ, pòròpórò ọkà bàbà ló sì fi ń rẹ ẹ́ títí yóò fi pọ́n bí ojú iná.

Àwọn mìíràn náà ń rẹ awọ pupa ní agbègbè yẹn, ṣùgbọ́n tiwọn máa ń ṣí bí òjò bá pa á. Ẹlẹ́ṣin á sọ̀ kalẹ̀ lórí gàárì, itan rẹ̀ á ti pọ́n. Ti Adjara kì í ṣí. Òjò á rọ̀, oòrùn á ràn, ẹṣin á làágùn, pupa náà á wà bó ṣe wà. Ohun kan wà tí ó máa ń bù sí omi rẹ̀, ìgbà kan sì wà tí ó gbọ́dọ̀ bù ú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ awọ náà á bàjẹ́. Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ilẹ̀gbóná wọ ìlú, ó kó gbogbo wọn lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn kan. Nígbà tí wọ́n sin èyí tó kẹ́yìn tán, bàbá náà yíjú sí ọmọbìnrin tó ṣẹ́kù, ó ní, "Kò sí ẹlòmíràn. Wá." Bí Adjara ṣe di aláwọ nìyẹn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n gbé ẹrù lé orí ẹni tó kàn wà nítòsí.

Ó lọ́kọ, ó bímọ, àwọn ọmọ náà ò dúró. Ọkọ rẹ̀ bá àwọn oníṣòwò lọ sí Ṣábẹ, wọn ò rí i kó padà wá. Ewú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí obìnrin yìí, kò sì sí ẹni tí yóò jókòó tì í níbi ìkòkò iṣẹ́. Ohun tó mú kó gbọ́ ti Yessoufou nìyẹn.

Ẹbí ọkọ rẹ̀ ni Yessoufou, ọlọ́rọ̀ kan tó tẹ̀dó sí Kika. Ó ní agbo ewúrẹ́, ó ní ẹrú, ó sì mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó wá bá Adjara lójú àgbàlá rẹ̀ nígbà ààwẹ̀, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ààfáà Alidou, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú ládùúgbò náà, jókòó pẹ̀lú wọn láti ṣe ẹlẹ́rìí. Àwọn àgbà bíi mélòó kan náà wà níbẹ̀.

"Ìyàwó wa," ni Yessoufou wí, "bí o bá kú lónìí, nǹkan yìí parí. Mo ní awọ, mo ní ènìyàn. Tà á fún mi."

"Ọkọ mi, mi ò tà á," ni Adjara dáhùn. "Ohun tí ènìyàn bá ti tà, kò lẹ́nu láti bi í mọ́ pé níbo lo ń lọ. Màá yá yín lò ni."

Ààfáà Alidou ní, "Ohun tí a bá yá ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ààlà. Ẹ sọ ààlà náà síta, kí àwa tí à ń gbọ́ lè rí nǹkan rántí."

Adjara ti ronú sí i. Ó ní Kika àti àwọn oko tó yí i ká nìkan ni Yessoufou ti lè máa rẹ awọ náà. Kò gbọdọ̀ rẹ ẹ́ ní Tchaourou, kò gbọdọ̀ rẹ ẹ́ ní Bétérou.

"Ṣé n kò lè tà á níbẹ̀ ni?"

"Ẹ tà á níbi tí ẹsẹ̀ yín bá gbé yín dé. Rírẹ rẹ̀ ni mo fi ààlà sí."

Lẹ́yìn náà ó ní gàárì àti bàtà ni ti Yessoufou, kó fi àkọ̀ idà àti àpò Kùránì sílẹ̀ fún òun. Yessoufou ò fẹ́ fi àkọ̀ idà sílẹ̀. Ó jiyàn, ó ṣàwàdà, ó tún jiyàn, títí òjìji igi inú àgbàlá fi bo ẹní tí wọ́n jókòó lé. Adjara ò yẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn ọkùnrin náà gbà. Ó gbà pẹ̀lú pé òun á máa kó awọ tútù wá fún un nígbàkúùgbà tí òjò bá ti dá, àti pé àdéhùn náà kò ní kọjá ọjọ́ ayé Adjara. Bí ó bá kú, kí àwọn ọmọ Yessoufou tún wá jókòó pẹ̀lú ẹbí rẹ̀.

"Àwọn wo ni yóò mọ̀ ọ́n ní Kika?" ni Ààfáà Alidou bi í.

"Èmi àti ará ilé mi."

"Ta ni ará ilé yín?"

Yessoufou rẹ́rìn-ín. "Ẹni tó ń jẹ nínú ìkòkò ilé mi, Ààfáà. Ta ló tún kù?"

Ààfáà yíjú sí Adjara. "Ọ̀rọ̀ yẹn gbòòrò," ló wí.

Ọ̀fun Adjara ti gbẹ. Oòrùn ti ń wọ̀, ó ń gbọ́ bí wọ́n ti ń da ògì sí igbá nínú ilé kejì. Gbogbo ibi tó le, ó gbà pé òun ti borí níbẹ̀. "Ó tó bẹ́ẹ̀," ló sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín ọkùnrin náà kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, inú sì bí i díẹ̀, ó wá fi kún un pé, "Ọwọ́ yòówù tó bá gbé e jáde kúrò nínú ilé yín, ọwọ́ náà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ awọ mọ́ láyé."

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ni Yessoufou wí.

Ààfáà Alidou tún gbogbo rẹ̀ kà sókè láti ìbẹ̀rẹ̀, àwọn àgbà ní àwọn gbọ́, wọ́n sì ṣínu.

Adjara lọ sí Kika, ó sì kọ́ wọn. Àwọn ìyàwó Yessoufou ò fẹ́ kí ọwọ́ àwọn pọ́n, àwọn ọmọ rẹ̀ ń sá fún òórùn awọ. Ẹni tó wá jókòó tì í níbi ìkòkò ni Rissikatou, ẹrúbìnrin kan tí wọ́n rà láti òkè odò nígbà tó ṣì kéré. Ọwọ́ rẹ̀ yá, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí Adjara bá fi nǹkan hàn án, kì í béèrè rẹ̀ mọ́. Ní ọjọ́ kan ó gbé omi náà kúrò lójú oòrùn, ó tọ́jú rẹ̀ sábẹ́ ìbòji kí ó tó ri awọ bọ inú rẹ̀. Pupa tó jáde dára ju èyí tí bàbá Adjara fúnra rẹ̀ máa ń ṣe lọ. Adjara yí awọ náà síwá sẹ́yìn. Ó fẹ́ yìn ín. Ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde ni pé, "Sá a dáadáa." Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí ó bá ń lọ sí Kika, ó máa ń fi ẹ̀pà sínú aṣọ rẹ̀ fún ọmọbìnrin náà.

Ọ̀pọ̀ òjò rọ̀, nǹkan sì ń lọ bó ṣe yẹ kó lọ. Lẹ́yìn náà àwọn ajínigbé jà ní Kika, wọ́n kó agbo ewúrẹ́ Yessoufou, wọ́n sì fi iná sí àká rẹ̀. Nígbà tí òjò dá lọ́dún yẹn, awọ kankan ò wá sí Tchaourou. Adjara ò bínú. Ó ní ẹni tí iná jó kò ní rí awọ kó.

Àfi ìgbà tó dé ọjà Tchaourou, tó rí àkọ̀ idà pupa lọ́wọ́ oníṣòwò kan. Ó bu omi láti inú kèrègbè rẹ̀, ó dà á sí i, ó fi àtàǹpàkò fọ̀ ọ́. Kò ṣí. Pupa tirẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló rẹ ẹ́.

"Níbo lẹ ti rà á?"

"Bétérou," ni oníṣòwò náà wí.

Adjara tẹ̀lé àwọn oníṣòwò lọ sí Bétérou. Ní ẹ̀yìn ilé aláwọ kan níbẹ̀, lábẹ́ ìbòji, ó rí Rissikatou tó bẹ̀rẹ̀ sórí ìkòkò.

"Ìyá, ẹ kú ìrìn," ni ọmọbìnrin náà wí. Kò dìde.

"Ta ló mú ọ wá síbí?"

"Wọ́n tà mí lẹ́yìn iná."

"Ṣé o sọ fún aláwọ tó rà ọ́ pé kò gbọdọ̀ rẹ pupa yìí ní Bétérou?"

"Mo sọ ọ́. Ó bi mí bóyá ẹnu mi ni òun rà ni, àbí ọwọ́ mi."

Adjara padà sílé, ó sì gbé ẹjọ́ náà lọ sọ́dọ̀ baálẹ̀ Tchaourou. Ó rò pé ohun tó rọrùn ni. Wọ́n ránṣẹ́ pe Yessoufou, wọ́n ránṣẹ́ pe aláwọ Bétérou pé kó mú ẹrú rẹ̀ wá. Àwọn tó gbọ́ àdéhùn náà jókòó, Ààfáà Alidou sì tún un kà bó ṣe wà.

Yessoufou ti rù, aṣọ rẹ̀ ti gbó, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò tíì kú. "Ọ̀rọ̀ Ààfáà tọ́," ló wí. "Ṣé ọmọbìnrin yìí kò jẹ nínú ìkòkò ilé mi ni? Ará ilé mi ni, mo sì lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ́ ọ. Mo tà á. Ṣé àdéhùn sọ pé n kò gbọdọ̀ ta ẹrú? Kò sọ ọ́. Èmi ò gbé iṣẹ́ yìí lọ sí Bétérou. Ẹ wo ọwọ́ mi, bóyá ó pọ́n. Ẹ wo tirẹ̀."

Gbogbo ojú lọ sí ọwọ́ Rissikatou.

Àwọn àgbà sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn fún ìgbà pípẹ́. Baálẹ̀ wá sọ pé ọ̀rọ̀ Yessoufou kò dùn, ṣùgbọ́n òun ni àdéhùn náà gbè. Ọwọ́ tó gbé iṣẹ́ jáde kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ awọ mọ́. Ọ̀nà kan ṣoṣo sì ni wọ́n fi lè mọ̀ dájú pé kò ní ṣe é mọ́: kí wọ́n ki ọwọ́ ọmọbìnrin náà bọ omi eérú tó ń hó.

"Baba, èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn," ni Adjara wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Yessoufou ni mo ní lọ́kàn."

"Ohun tó wà lọ́kàn rẹ, kò sẹ́ni tó gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà," ni baálẹ̀ dá a lóhùn. "Èyí tó ti ẹnu rẹ jáde la gbọ́."

"Mo ti dárí jì í."

"Ìwọ nìkan kọ́ lo ṣe àdéhùn. Bí a bá yí i nítorí rẹ lónìí, ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́ nílùú yìí lọ́la?"

Wọ́n ti gbé ìkòkò omi eérú kaná. Rissikatou jókòó sílẹ̀, ó ká ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sábẹ́ abíyá. Kò sunkún. Ààfáà Alidou, tí kò tíì sọ ọ̀rọ̀ kankan ju àdéhùn tó kà lọ, tọrọ ààyè.

"Ohun ìkọ̀kọ̀ ni àdéhùn yìí ń ṣọ́," ló wí. "Bí kò bá sí ìkọ̀kọ̀ mọ́, n kò mọ ohun tí ọwọ́ ẹnikẹ́ni lè gbé jáde." Bó ṣe ń sọ ọ́, Adjara ló ń wò.

Adjara lóye rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù fún un tí bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ kàn. Kò ní oko, kò ní ọmọ.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́. Ó sọ pòròpórò tí à ń yàn àti èyí tí à ń dànù. Ó dárúkọ ohun tí à ń bù sí omi, ó sọ bó ṣe pọ̀ tó, ó sọ àwọ̀ tí omi gbọ́dọ̀ ní kí a tó bù ú. Ó sọ ti ìbòji náà, ó ní Rissikatou ló rí ìyẹn. Obìnrin kan tó ń ru omi lọ dúró, kò sọ ẹrù rẹ̀ kalẹ̀, ó ń gbọ́. Aláwọ Bétérou ń gbọ́. Àwọn ọmọdé pàápàá gbọ́ ọ. Nígbà tó parí, ó ní, "Ẹ ti gbọ́ ọ báyìí. Kò sí ẹni tó gbé nǹkan mi. Mo ti fi í tọrẹ."

Baálẹ̀ ní ẹjọ́ ti parí. Wọ́n da omi náà nù.

Kí òjò tó tún dá, pupa tí kì í ṣí ti wà ní gbogbo agbègbè, láti Kika dé Bétérou dé Pàràkú. Ìyàwó àgbẹ̀ ń rẹ ẹ́ lẹ́yìn ilé. Àwọn ẹlẹ́ṣin ò wá sí ojúlé Adjara mọ́. Ó ń fi bàtà títún ṣe jẹun, nígbà mìíràn ó ń bá àwọn aládùúgbò bó iṣu tí wọ́n fẹ́ sá.

Ohun tí kò rò ni ti Rissikatou. Ọ̀wọ́n ni aláwọ Bétérou fi rà á, nítorí ohun tó mọ̀. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n, ó di ẹnu kan lásán tó ń jẹun nínú ilé rẹ̀. Àwọn kan ń kó ẹrú lọ sí etíkun nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, aláwọ náà sì fà á lé wọn lọ́wọ́. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì pé pérépéré nígbà tí wọ́n fi okùn so wọ́n. Ẹ̀yìn ìgbà tí wọ́n ti kọjá ni ìròyìn dé etí Adjara. Ó sáré títí dé ọ̀nà Ṣábẹ, eruku ló bá níbẹ̀.

Láti ìgbà náà, bí àwọn oníṣòwò bá ti etíkun dé, ó máa ń jáde lọ bá wọn lójú ọ̀nà. Á sọ bí ọmọbìnrin náà ti rí, á sọ pé ọwọ́ rẹ̀ pọ́n. Wọ́n á bi í pé kí lorúkọ rẹ̀. Á ní Rissikatou. Wọ́n á mi orí, wọ́n ò gbọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ọdún bíi mélòó kan kọjá kí ó tó yé e pé ilé Yessoufou ló sọ ọmọ náà ní Rissikatou, àti pé bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè orúkọ ara rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, èyí tí ìyá tó bí i sọ ọ́ ni yóò dárúkọ. Adjara kò sì bi í léèrè orúkọ yẹn rí.