“A Dúpẹ́” Níbi Tí Igi Parí Sí

Ẹni tó bá sọ fún yín pé guide kì í bẹ̀rù, irọ́ ló ń pa. Ẹ̀rù gan-an ló ń ṣe iṣẹ́ náà, èmi kàn ń bá a gbé àpò ni.

Engineer ni mí tẹ́lẹ̀. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀, tí àwọn ilé iṣẹ́ ní downtown Calgary, ní Canada níbí, ń gbọn òṣìṣẹ́ dànù, wọ́n gbọn èmi náà. Mo jókòó sílé ní Saddle Ridge, mò ń wo òkè láti ojú fèrèsé, títí ọkọ mi fi ní, “Bó o ṣe máa ń wò ó yìí, o ò kúkú lọ bá a.” Mo lọ lóòótọ́. Mo kọ́ṣẹ́, mo di guide, ẹni tó ń mú èèyàn gun òkè nínú snow.

Tẹ́ ẹ bá gun òkè jìnnà, ẹ máa dé ibi tí igi parí sí. Lábẹ́ igi, atẹ́gùn kò rí yín mú. Tẹ́ ẹ bá kọjá igi tó kẹ́yìn, ilẹ̀ funfun, ojú ọ̀run funfun, ẹ ò ní mọ èwo lẹ fẹ́ tẹ̀. Níbi igi yẹn la ti máa ń dúró, tá a ń wọ aṣọ kún aṣọ, tí mo sì ń béèrè àlàáfíà oníkálukú.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, ẹ̀gbọ́n Dèjì ni mo mú lọ, ọ̀gá mi ní ọ́fíìsì tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n dá àwa méjèèjì dúró. Ó fẹ́ gun òkè kan kó tó padà sí Ìbàdàn.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé ọwọ́ yín ò tutù?”

“A dúpẹ́.”

“Ẹsẹ̀ ńkọ́?”

“A dúpẹ́, àbúrò. Jẹ́ ká máa lọ.”

Yorùbá tí ilé rẹ̀ ń jó, “a dúpẹ́” náà ni. Mo mọ̀ pé kò dá mi lóhùn. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe fẹ́ bọ́ ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi, kí n máa yẹ ìka rẹ̀ wò bí ọmọ daycare?

A ò tíì jìnnà tí atẹ́gùn fi dé, tí snow bo gbogbo nǹkan. Mo wẹ̀yìn, n ò rí i. Nígbà tí atẹ́gùn rọlẹ̀ díẹ̀, mo rí i tó ti yà kúrò lórí ipa ẹsẹ̀ mi, tó ń rìn lọ sí etí òkè. Snow ló yọ síta níbẹ̀ bí òrùlé, tí kò sí nǹkan kan lábẹ́ rẹ̀ àfi ọ̀gbun.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ dúró!” Ó ń lọ. “Ọ̀gá! Ẹ má lọ síbẹ̀!” Ó ṣì ń lọ. N ò lè sáré bá a, torí snow yẹn ò ní gba èèyàn méjì. N ò mọ ìgbà tó jáde lẹ́nu mi.

“Dèjì! Dúró! Wò mí níbí!”

Ó dúró. Ó wò mí.

“Ó yá, máa bọ̀.”

Ó ń bọ̀ jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí wọ́n pè nídìí eré. Mo dì í mú. Mo ní kó fi àtàǹpàkò kan ìka tó kéré jù, kò lè ṣe é: òtútù ti wọ ìka rẹ̀, ó ti wọ ọpọlọ rẹ̀ pẹ̀lú. Mo ki ọwọ́ náà bọ abíyá rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, mo so okùn mọ́ àwa méjèèjì, a tọ ojú ẹsẹ̀ wa padà. Nígbà tí mo fọwọ́ kan igi àkọ́kọ́, mo sunkún.

Nínú ọkọ̀, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ sà, lórí bí mo ṣe pè yín yẹn…”

“Mo gbọ́ ‘ọ̀gá’ tó o kọ́kọ́ pè,” ó ní. “Mo rò pé ẹlòmíì lò ń bá wí. Èmi kì í ṣe ọ̀gá ẹnì kankan mọ́.” Ó wo ìka rẹ̀. “Dèjì tó o pè yẹn, ìyá mi nìkan ló máa ń pè mí bẹ́ẹ̀.”

Látìgbà náà, mi ò béèrè àlàáfíà níbi igi tó kẹ́yìn mọ́. Àtàǹpàkò àwọn tí mo bá mú lọ ni mo ń wò, mo sì máa ń béèrè orúkọ tí ìyá wọn ń pè wọ́n.

Ìka ẹ̀gbọ́n Dèjì pé, òtútù ò mú ìkankan lọ. Tó bá pè mí láti Ìbàdàn, tí mo bi í pé ṣé dáadáa ni, “A dúpẹ́” ni yóò ní. Èmi á ní, “Ẹ tan video, ẹ jẹ́ n rí ọwọ́ yín.”